Nígbà Tí Imú Bá Kọ̀: Ọ̀rọ̀ Ìríra Láàárín Al Ras àti Ìdí Irú

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ná ọjà Dubai mọ Al Ras dáadáa, bí orúkọ náà kò tilẹ̀ yọ lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn. Deira ni wọ́n máa ń pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Al Ras ni ìkangun Deira tí omi Creek yí po. Ilé ẹ̀kọ́ Al Ahmadiya tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1912 ṣì wà níbẹ̀, ọjà wúrà kò jìnnà sí i, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní abra sì ń fi dirham kan gbé èèyàn kọjá sí Bur Dubai ní òdìkejì. Láti ọdún 2011 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró ní Al Ras. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ kì í rìn jìnnà kí imú rẹ̀ tó sọ fún un pé ọjà èròjà ọbẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀.

Òórùn dídùn ló pọ̀ jù nínú ọjà náà: kànáfùrù, tùràrí, òdòdó róòsì gbígbẹ, ata ilẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n sá títí tó fi dúdú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í ṣí sílẹ̀ gbayawu bíi ti ìyókù. Hing ni àwọn ará Íńdíà ń pè é. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní hiltit. Oje ewéko ni. Lórí àwọn òkè Ìránì àti Afghanistan ni ewéko náà ti ń hù. Àwọn tó ń kó o á wa ilẹ̀ kúrò lórí gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á, oje funfun á sun jáde, á gbẹ, wọ́n á ha á, wọ́n á tún ibẹ̀ là. Báyìí ni wọ́n á máa ṣe é títí gbòǹgbò náà kò fi ní mú oje wá mọ́. Tí oje náà bá gbẹ tán, á le, á sì pọ́n. Àwọn èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú ló ń mú kó rùn, òórùn náà sì jọ ti aáyù tó ti jẹrà sínú àpò tí wọ́n dì pa. Àwọn ará Jámánì kò fi bò: ìgbẹ́ Sàtánì ni wọ́n sọ ọ́ lédè wọn.

Síbẹ̀, bí èèyàn bá bu ìba tó kéré ju ẹyọ àgbàdo lọ sínú òróró gbígbóná, òórùn náà á yí padà lójú ẹsẹ̀. Á di òórùn àlùbọ́sà àti aáyù tó ń yan lọ́wọ́, ẹni tó di imú tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló ń jiná. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain ní Íńdíà, tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n jẹ àlùbọ́sà tàbí aáyù, hing ni wọ́n fi ń dí àyè méjèèjì nínú ọbẹ̀. Íńdíà ń jẹ ẹ́ púpọ̀púpọ̀, àmọ́ láti òkèèrè ló ti ń rà á. Oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin irúgbìn rẹ̀ sí àfonífojì Lahaul ní Himachal Pradesh, kí ilẹ̀ tiwọn náà lè máa mú un jáde.

Bí ọlọ́jà bá ṣí agolo hing níwájú àlejò, ojú àlejò ló máa ń kọ́kọ́ fèsì. Imú á sún kì, ètè òkè á gbé sókè, orí á fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á jáde. Ará Gẹ̀ẹ́sì á ní ó “disgusting”. Ọmọ Èkó tàbí Ìbàdàn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní ó “irritating”. Ohun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọlọ́jà kò gbọ́ ohun kan náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ayé ló mọ ohun tí “ó ń írítéètì mi” túmọ̀ sí. Ilé ìyàgbẹ́ inú gáréèjì, ẹni tó ń fọn ikun síbi tí wọ́n ti ń jẹun, irun tó jáde látinú àmàlà: gbogbo wọn ló ń írítéètì èèyàn. Ìríra ni à ń sọ. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ̀ wá, ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ohun tó ń tọ́ni níjà díẹ̀díẹ̀ tí sùúrù fi ń tán ni wọ́n ń fi í pè, irú bí eṣinṣin tí kò yé kùn létí tàbí alábàáṣiṣẹ́ tó ń súfèé láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó ń ta ojú tàbí ara náà wà níbẹ̀, bí èéfín, bí ata, bí ọṣẹ tí awọ ara kò gbà. Kò sí èébì nínú rẹ̀ rárá.

“Disgusting” gan-an ló ni èébì. Ìdí rẹ̀ nínú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ìtọ́wò, nítorí náà ẹnu ló ti bẹ̀rẹ̀: oúnjẹ tí ahọ́n kọ̀. Láti ẹnu ló ti tàn dé imú, dé ojú, dé ìwà. Ọ̀gá tó jẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àgbà tó ń fi ọwọ́ kan ọmọdé níbi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún wọn, ó sì wúwo. Àwọn kan a máa fi ṣeré lórí tíì tó ti tutù. Ẹni tó ń kọ́ èdè náà kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Kò sí ohun tó burú nínú bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ń lo “irritating”. Ibi tí èdè bá dé ló ti ń mú àwọ̀ ilé, tiwa sì ti pẹ́ tó láti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú Al Ras, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọlọ́jà lè jẹ́ ará Ìránì, akọ̀wé rẹ̀ ará Kerala, ẹni tó ń di ẹrù ará Pakistan, oníbàárà ará Ìjẹ̀bú. Olúkúlùkù ló kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ wá láti ilé. Bí ìyá kan bá wọ ilé ìtajà òògùn ní Deira tó ní oògùn olómi kan ń “irritate” òun, apòògùn á béèrè ibi tí ara ti ń yún un, ó sì lè fún un ní ìpara. Èébì tó ń gbé ìyá yẹn kò tíì dé etí rẹ̀.

Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ tó pegedé fún nǹkan yìí. Nǹkan lè rí wa lára, ó lè kó wa nírìíra, ó lè jẹ́ kí èébì máa gbé wa, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbin lásán tí omi àti ọṣẹ á mú kúrò. Èèwọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ kì í jẹ ẹran kan lè máa gbọ́ òórùn ẹran náà kí itọ́ ẹnu rẹ̀ máa dà. Òfin ló ń dá a dúró, inú rẹ̀ kọ́. Lóòótọ́, èèwọ̀ tó bá pẹ́ lára a máa di ìríra. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí kò fi ẹlẹ́dẹ̀ kan ẹnu rí láyé wọn á sọ pé bí ẹ̀sìn bá tilẹ̀ gbà á láyè, ọ̀fun àwọn kò ní gbà á.

Charles Darwin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí bí onímọ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1872 lórí bí ènìyàn àti ẹranko ṣe ń fi ohun tó wà nínú wọn hàn lójú, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní Tierra del Fuego, ní ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ń jẹ ẹran inú agolo tó ti tutù. Ọmọ ìbílẹ̀ kan na ìka, ó tẹ ẹran náà wò, bó ṣe rọ̀ pẹ̀tẹ̀ sì kó o nírìíra gidigidi. Ìríra mú Darwin náà, nítorí pé ẹni tó wà ní ìhòòhò, tó sì kà sí ará oko, fọwọ́ kan oúnjẹ òun. Darwin fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọwọ́ ọkùnrin náà kò jọ ọwọ́ tó dọ̀tí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìtàn yìí. Ìríra ọmọ ìbílẹ̀ wà lórí ẹran. Ti Darwin wà lórí ènìyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń di ewu nìyẹn.

Yorùbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, nítorí láti ara ìríra ni a ti fa “kórìíra” yọ. Ní Rwanda ní ọdún 1994, ilé iṣẹ́ rédíò RTLM ń pe àwọn ẹ̀yà Tutsi ní aáyán lójoojúmọ́. Aáyán kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá jà. Ohun tí èèyàn ń tẹ̀ pa ni. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ti kú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ dá àwọn tó wà nídìí rédíò náà lẹ́bi. Èèyàn tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìríra kò tíì ka ìwé ìdájọ́ yẹn.

Al Ras kì í ṣe Rwanda, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti ń rọ́ jọ ni. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Deira ló jẹ́ pé ibùsùn ni wọ́n ń háyà, kì í ṣe yàrá. Bed space ni wọ́n ń pè é. Èèyàn mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà nínú yàrá kan, kí wọ́n má sì ti orílẹ̀-èdè kan náà wá, kí gbogbo wọn máa pín sítóòfù kan lò. Lórí òórùn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Ti hing ń bí ọmọ Yorùbá nínú, ti ẹja gbígbẹ àti irú ń bí ará Íńdíà nínú, ti ẹja bàgóóńgù àwọn ará Filipíìnì ń bí àwọn méjèèjì nínú. Ẹni tó ní òórùn yìí le jù fún òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun ṣí fèrèsé, ti sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ní “you people are disgusting” ti kúrò lórí ọbẹ̀, ó ti dé orí ìran.

Òfin sì wà nídìí rẹ̀. Ní United Arab Emirates, òfin ìjọba àpapọ̀ nọ́ńbà 34 ti ọdún 2021, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2022, sọ nínú ẹ̀ka 43 pé ẹni tó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀rọ ayélujára bú ẹlòmíràn lè lọ sẹ́wọ̀n, ó sì lè san owó ìtanràn láti 250,000 dirham dé 500,000 dirham, tàbí kí wọ́n fún un ní ọ̀kan nínú méjèèjì. WhatsApp náà wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ èèyàn méjì péré ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òfin náà kò to àwọn ọ̀rọ̀ èébú lọ́kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ ló máa wo ohun tí a kọ àti ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ohun tí ọmọ Nàìjíríà á kà sí ìbínú ọ̀sán kan, tí wọ́n á fi “ẹ má bínú” parí lálẹ́, lè di fáìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gba físà lọ síbẹ̀ mọ èyí kó tó gbé fóònù sókè.

Kí wá ni Ọlọ́run fi ìríra sí ara wa fún? Valerie Curtis, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ilẹ̀ olóoru ní Lọ́ńdọ̀nù títí tó fi kú ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ BBC, nǹkan bí 40,000 èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì dá wọn lóhùn. Wọ́n máa ń fi àwòrán méjì tó jọra hàn. Àwo kan ní omi aláwọ̀ búlúù, èkejì ní ohun tó jọ ọyún. Ojú ọkùnrin kan dá ṣáká, ojú rẹ̀ kan náà tún wà tí wọ́n ti kùn ún bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Èyí tó bá ní àmì àrùn ló ń kó àwọn èèyàn nírìíra jù, láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ohun tí wọ́n rí tẹ̀ jáde ní 2004: ìríra ni odi tí ara mọ kí kòkòrò àrùn má baà wọlé.

Curtis kò fi ìmọ̀ náà sínú ìwé lásán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ìyá ní Ghana máa fi ọṣẹ fọwọ́, ìpolongo nípa àrùn kò wọ̀ wọ́n létí. Àwọn ìyá mọ̀ nípa kòkòrò àrùn. Wọn kò rí i ni. Wọ́n wá ṣe ìpolówó kan fún tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ìyá ti ń jáde ní ilé ìyàgbẹ́ tí àwọ̀ àlùkò kan ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan oúnjẹ, àwọ̀ náà lẹ̀ mọ́ oúnjẹ. Ọmọ rẹ̀ bù ú, ó gbé e sẹ́nu. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àrùn níbẹ̀. Àwọn tó wò ó rí ìgbẹ́ lórí oúnjẹ ọmọ wọn, lílo ọṣẹ sì lọ sókè. Ìríra tó wà níbi tó yẹ kó wà nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń ṣe.

Odi yìí kì í sábà mọ ìyàtọ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Paul Rozin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti aáyán òkú kan bọ inú omi èso lójú àwọn èèyàn. Wọ́n ti kọ́kọ́ pa gbogbo kòkòrò ara aáyán náà, wọ́n sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Kò sí àrùn kankan níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ omi náà kò ṣeé mu mọ́ lójú wọn. Imú àti ọ̀fun kì í dúró gbọ́ àlàyé.

Irú fi èyí hàn kedere. Wọ́n á se èso igi igbá mọ́jú kó tó rọ̀. Wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nínú ooru yẹn ni kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, Bacillus subtilis lorúkọ rẹ̀, ti ń fọ́ amúaradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ammonia ń jáde, ohun tó sì ń ta imú nìyẹn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò fi irú sebẹ̀ rí, ohun tó ti bàjẹ́ ló máa gbọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ gbọ́ ẹ̀fọ́ rírò. Àwọn Haúsá ń pè é ní dawadawa, àwọn Fọ̀n ní Benin ń pè é ní afitin, àwọn ará Mali ní soumbala. Ní Japan, kòkòrò yìí kan náà ni wọ́n ń lò sí ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ń pè ní natto, tó ń fà tìn-ìn-tìn lẹ́nu ṣíbí, tí wọ́n sì fi ń jẹ ìrẹsì láàárọ̀. Kò sí ìdí kankan tí ọmọ Yorùbá fi ní láti máa tọrọ àforíjì nítorí irú ní Deira tàbí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sì sí ìdí tó fi ní láti máa fi hing ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹni tó ń tà á.

Ọmọ kékeré kò bá ìríra oúnjẹ wáyé lódindi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á ki ohunkóhun bọ ẹnu, títí kan ohun tí àgbà kò lè wò lẹ́ẹ̀mejì. Kíkọ́ ni, ẹ̀kọ́ náà sì ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Julie Mennella, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Monell ní Philadelphia, fi hàn ní 1995 pé bí aláboyún bá jẹ aáyù, òórùn rẹ̀ ń dé inú omi tí ọmọ wà. Ní 2001, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn mu omi kárọ́ọ̀tì nígbà oyún tàbí nígbà tí wọ́n ń fún wọn lọ́mú kò fi bẹ́ẹ̀ kọ oúnjẹ tó ní kárọ́ọ̀tì nínú bíi ti àwọn yòókù. Àwọn olùwádìí mìíràn fi oúnjẹ tí àwọn ọmọ ìkókó ń tu dànù fún wọn léraléra. Ó tó bí ìgbà mẹ́jọ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó máa jẹ ẹ́ tinútinú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí Yorùbá tó ń tọ́ ọmọ ní òkè òkun, tí ọmọ wọn ń fún imú bí ìkòkò bá ti ṣí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìba irú díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ tàbí ilá, kí wọ́n má fi ipá tì í sí ọmọ lẹ́nu, kí wọ́n má sì jáwọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì. Ojú àgbà ló ṣe pàtàkì jù. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé àti Ítálì yẹ ọpọlọ àwọn èèyàn wò, wọ́n sì rí i pé apá ibi tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn gbọ́ òórùn burúkú náà ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó rí ẹlòmíràn tó fún imú. Nítorí náà, bí ìyá bá ń bu irú sọ́bẹ̀ tí bàbá sì di imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti bàbá ni ọmọ máa kọ́.